Kádì Ẹgbẹ́ Ló Ṣáájú Pásípọ́ọ̀tù: Bí Obìnrin Ṣe Ń Ti Iṣẹ́ Aṣojú Dé Ipò Ààrẹ

(Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, rèé. A ti gé ìkíni tó gùn kúrò, a fi àwàdà sílẹ̀.)

Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, mo sì máa tún un sọ títí yóò fi sú yín: ẹ́ḿbásì kọ́ ló ń sọ obìnrin di ààrẹ, wọ́ọ̀dù ni. Ẹni tí kò ní wọ́ọ̀dù, bó gbọ́ èdè mẹ́fà, àlejò ni nínú òṣèlú.

Ẹ jẹ́ ká mú Netumbo Nandi-Ndaitwah ti Nàmíbíà. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n búra fún un, ọjọ́ tí òmìnira wọn pé ọdún 35 gééré. Gbogbo ayé ń sọ pé mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló di ààrẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ bá mi ka ọdún rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá.

Wọ́n bí i ní 1952. Ní 1966, ọmọ nǹkan bí ọdún 14, ó ti wọ SWAPO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Nàmíbíà. Ní 1974 ó sá lọ sí Sáńbíà. Láti 1978 dé 1980, òun ni aṣojú SWAPO ní Lusaka. Láti 1980 dé 1986, ó wà ní Dar es Salaam, ó ń ṣojú wọn fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nàmíbíà ò tíì gba òmìnira nígbà yẹn o! Ìjọba kankan ò rán an níṣẹ́, ẹgbẹ́ ló rán an. Ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mu wáìnì. Ibẹ̀ ni ẹni tó sá kúrò nílé ti ń wá ìwé ìrìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọmọ tí ogun lé kúrò nílé wá ilé ìwé àti sikọ́láṣíìpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ ìjọba onílé pé kó fún àgọ́ ní ilẹ̀ àti oògùn. Ẹni tí o bá bá wá sikọ́láṣíìpù ní 1982 lè di délígéètì, ẹni tó ń dìbò níbi àpérò ẹgbẹ́, ní 2017. Òun gan-an ni wọ́ọ̀dù tí mò ń sọ, ìlú òkèèrè ló kàn wà.

Ìgbà tó ṣe gbogbo èyí tán ló tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ aṣojú ní yunifásítì Keele ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ló ṣáájú, ìwé tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé là ń kó jọ, tí a ó wá máa wo ojú ọ̀nà pé ta ni yóò pè wá.

Láti 1990 ló ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ obìnrin, ó ṣe ti ìròyìn, ó ṣe ti àyíká, kó tó di pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún un ní ìparí 2012. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wọlé gan-an ni àpérò gbogboogbò ẹgbẹ́. Ní 2017, wọ́n dìbò yàn án ní igbákejì ààrẹ SWAPO. Ní 2022, ó tún gbé àpótí ipò kan náà, olóòtú ìjọba fúnra rẹ̀, Saara Kuugongelwa-Amadhila, sì wà lára àwọn tó bá a du ú. Ó na gbogbo wọn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹni tó bá gba ipò yẹn ni ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀ fún ààrẹ. Nítorí náà, nígbà tí Ààrẹ Hage Geingob kú ní oṣù kejì 2024, tí obìnrin yìí sì di igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ ti pinnu tipẹ́. Ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún náà ò rọrùn: ìwé ìdìbò tán láwọn ibùdó kan, wọ́n sún un síwájú di ọjọ́ 30, àwọn alátakò gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹjọ́ náà ò dúró. Ìdá tó lé ní 57 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló gbà.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀yìn tíì kan wà, ẹ mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ní ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gágun ló gbé e débẹ̀. Ọkọ wo ló wà ní 1966?

Alága ti ń na aago sí mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Sahle-Work Zewde ti Etiópíà: ó ṣe aṣojú ní Sẹ̀nẹ̀gà, Jìbútì àti Faransé, ó ṣiṣẹ́ ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ilé aṣòfin yàn án ní ààrẹ ní 2018. Ipò ọ̀wọ̀ ni. Ọwọ́ olóòtú ìjọba ni agbára wà. Salome Zourabichvili: ọmọ tí wọ́n bí ní Paris, ambásádọ̀ Faransé sí Jọ́jíà ní 2003, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jọ́jíà kan náà ní 2004. Ní 2005 òun àti ilé aṣòfin ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to, wọ́n yọ ọ́. Ní 2018 ó di ààrẹ, ẹgbẹ́ ẹlòmíràn ló tì í lẹ́yìn. Nígbà tí òun àti wọn jà, kò ní aṣòfin tirẹ̀ tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rí i bí?

[Ìyá kan láàárín èrò dìde: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, a ti gbọ́ ti Nàmíbíà. Ọmọ wa wà nílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè l'Ábújá. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?"]

Ẹ ṣé, mà. Mo ní ojú ìwé mẹ́rin tó kù, mo ti pa wọ́n dé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ètò ìdìbò Nàmíbíà yàtọ̀ sí tiwa. Ìjókòó 96 ni wọ́n ń dìbò fún nílé aṣòfin wọn, orúkọ tí ẹgbẹ́ tò sílẹ̀ ni wọ́n fi ń pín in. Ṣáájú ìdìbò 2014, SWAPO ti pinnu pé obìnrin kan, ọkùnrin kan, bẹ́ẹ̀ làwọn ó máa to orúkọ. Ní tiwa, ìjókòó kan, èèyàn kan. Kogi West, ìjọba ìbílẹ̀ méje, sẹ́nétọ̀ kan. Aṣojú-ṣòfin mẹ́ta: Kàbà/Bùnú pẹ̀lú Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì pẹ̀lú Mọ̀pà-Mùrò, Lọ́kọ́jà pẹ̀lú Kóòtòǹ-Káfè. Kí obìnrin tó yọjú, Yàgbà ti ń bá Ìjùmú jà lórí ta ni ó kàn. Òfin tí ìbá fún obìnrin ní ìjókòó ọ̀tọ̀, ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022 ni àwọn aṣòfin dà á nù.

Ọmọ yín náà ńkọ́? Ìwé òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fiṣẹ́ sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Fún ìdìbò 2023, ọjọ́ 180 ṣáájú ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ ránṣẹ́ sí INEC. Ẹni tó bá dúró de ọjọ́ 30, ìdìbò abẹ́lé ti parí tipẹ́. Tó bá sì dúró di ìgbà ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ọmọ ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, yóò padà wálé sí Ìsánlú, yóò bá gbogbo alága wọ́ọ̀dù lórí àga. Ọjọ́ orí kọ́ ni ìṣòro. Ẹni ọdún 72 ni Nandi-Ndaitwah nígbà tó búra.

Owó fọ́ọ̀mù náà kọ́. Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀ ní mílíọ̀nù 20, wọ́n ní kí obìnrin san mílíọ̀nù 3 péré. Ẹ bi ara yín pé mélòó ló rí ìbò délígéètì gbà.

[Ohùn kan: "Wọ́ọ̀dù ọkọ ni àbí ti bàbá?"]

Hàà! Ìyẹn gan-an. Ọmọ Mọ̀pà tó fẹ́ ará Kàbà: wọ́n á ní kó lọ dupò nílé bàbá rẹ̀, tó bá débẹ̀, wọ́n á ní ìyàwó ilé ni. Ìwé òfin ò béèrè ìlú ẹni lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀: ọmọ Nàìjíríà, ọdún 35, ìwé ẹ̀rí girama tàbí ohun tó bá a dọ́gba, ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, ó parí. Àwọn àgbà wọ́ọ̀dù ló ń béèrè. Mo ní kó mú ọ̀kan, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ti mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Kó gbé káàdì ìdìbò rẹ̀ kúrò l'Ábújá wá síbẹ̀. Tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kó gba kádì ẹgbẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kó máa jókòó nípàdé kódà nígbà tí wọn ò ní pín nǹkan kan. Kó ṣe é fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ jáde.