Àkókò Ni Olówó Ń Rà Ní Kóòtù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sọ n'Ìbàdàn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó yí ìjókòó wa padà sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín.

Bí ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ bá délẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé adájọ́ ti gba rìbá. Àwọn tó máa ń bá mi jiyàn kì í kọjá ibẹ̀ yẹn: adájọ́ ti gbowó, ó parí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Èmi ò sọ pé adájọ́ kan ò gbowó rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó lówó gidi lọ́wọ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá adájọ́ rà. Àkókò ni yóò rà. Yóò máa sún ẹjọ́ síwájú títí ẹlẹ́rìí á fi kú, tí agbẹjọ́rò ìjọba á fi fẹ̀yìn tì, tí wọn á fi gbé adájọ́ lọ síbòmíràn.

Ẹ wo ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Ábíá tẹ́lẹ̀. Ọdún 2007 ni EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì owó, gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó kó owó ìpínlẹ̀ jẹ. Kí ẹlẹ́rìí kankan tó sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, àríyànjiyàn bóyá kóòtù lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì di 2016 kí wọ́n tó dá a nù níbẹ̀. December 2019 ni Adájọ́ Mohammed Idris tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ti gbé adájọ́ yìí ga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 2015 ló gbà á láyè láti padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ dá lẹ́bi pẹjọ́, ní May 2020 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ pé àyè yẹn tako ìwé òfin Nàìjíríà: kí wọ́n tún ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Kalu jáde. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ní kí EFCC má tún bá a ṣẹjọ́ náà mọ́. Mi ò pè é ní ọ̀daràn, nítorí kò sí ìdájọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀ lónìí. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, àwa tí a ni owó ò mọ̀ bóyá wọ́n jí i tàbí wọn ò jí i.

Ẹjọ́ James Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lásábà ní 2009, ẹ̀sùn 170 dànù lọ́jọ́ kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun jẹ̀bi, wọ́n sì fún un lẹ́wọ̀n ọdún 13. Àwọn èèyàn á ní òyìnbó ló dára. Rárá o. Àtìmọ́lé ló wà ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó ń sun àtìmọ́lé kì í bẹ kóòtù pé kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Ní January 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbà l'Ábújá pé òun lọ́wọ́ nínú jíjí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá tó lé ní ogún bílíọ̀nù náírà. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí ₦750,000. Ó san án lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì inú gbọ̀ngàn mi orí. Ní 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Ní 2013 yẹn náà, l'Óṣogbo, ọ̀dọ́kùnrin kan gba ẹ̀wọ̀n ọdún 45 lórí fóònù gómìnà, fóònù tí wọ́n ní kò ju ₦50,000 lọ.

Alága ti ń na ọwọ́ sí aago, mo bá yára. Dariye àti Nyame, gómìnà Plateau àti ti Taraba tẹ́lẹ̀, dé ẹ̀wọ̀n ní 2018, ìdáríjì bá wọn níbẹ̀ ní 2022. Abala 308 ìwé òfin sì ní a ò gbọdọ̀ gbé gómìnà lọ sẹ́wọ̀n nígbà tó wà lórí oyè. Ọdún mẹ́jọ gbáko nìyẹn, àkókò náà ni.

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá kan tó ń taṣọ ní Gbági fi dìde. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Gómìnà lẹ ti ń sọ látàárọ̀. Wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ká wá onídùúró. Mo ní èmi rèé. Ọlọ́pàá ní àwọn ò gba obìnrin. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ ògiri yẹn náà ni mo ti kówó sílẹ̀. Ṣé tiwa wà nínú ọ̀rọ̀ yín?"

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní, "Màmá, tiyín gan-an lọ̀rọ̀." Òfin 2015 yẹn kan náà, ní abala 167, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ti ṣe òfin tiwọn. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Àgọ́ ọlọ́pàá wo nígboro Ìbàdàn ló jìnnà sí kóòtù tó bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ náà bá sì dé kóòtù, wọ́n lè ní kí onídùúró rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba onípele 16 tó nílẹ̀. Ta ni ọmọ bíríkìlà mọ̀ nípele 16? Ẹ̀wọ̀n ni yóò ti dúró de ẹjọ́. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, àwọn tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́ lé ní mẹ́fà. Ìsúnsíwájú tí gómìnà fi ń gba atẹ́gùn nílé rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ọ̀dọ́ ọmọ yẹn run.

Ìyá náà bèèrè bóyá wọ́n á dá owó òun padà. Lọ́yà kan láàárín wa bi í léèrè rìsíìtì. Wọn ò fún un ní rìsíìtì.

A ò padà sórí ọ̀rọ̀ gómìnà mọ́ títí a fi túká. Ohun kan ni mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ń bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí náà. Abala 34 òfin 2015 ní kí májísíréètì àgbà máa yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù, kó sì fún ẹni tó bá yẹ ní béèlì. Ẹ kọ̀wé sí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ bèèrè májísíréètì tó wá sí àgọ́ àdúgbò yín lóṣù tó kọjá, àti iye èèyàn tó bá níbẹ̀.