Tariq Aziz: Agbẹnusọ Tí Saddam Rán Sí Gbogbo Ayé

Ẹ wo bàbá onírun funfun yìí, tó wọ jígí ojú, tó fi sìgá ńlá sẹ́nu. Tariq Aziz nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo ìròyìn lọ́dún 1991 á mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀bá Mosul ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1936. Krìstẹ́nì ni, ní Ìráàkì tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Baghdad, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó di olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Ba'ath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam. Kò ní ọmọ ogun, kò sì ní ẹ̀yà ńlá lẹ́yìn. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì nígbà náà, nìyẹn: kò lágbára tó lè fi gba ìjọba lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀.

Lọ́dún 1983 ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún kejì, òun àti Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, jókòó ní White House, Amẹ́ríkà àti Ìráàkì tún di ọ̀rẹ́. Àfi ìgbà tí Saddam gba Kuwait ní 1990.

Ní January 9, 1991, ní Geneva, James Baker, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, gbé lẹ́tà Ààrẹ Bush sílẹ̀ fún un: ẹ kúrò ní Kuwait, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ogun dé. Aziz kà á tán, ó ní èèyàn kì í kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́fà, ó dìde, ó fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì. Àbí ta ló fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ bá Saddam? Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bọ́ǹbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí Baghdad.

Ní February 2003, ó lọ bá Póòpù John Paul Kejì nítorí ogun mìíràn tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbé wá bá Ìráàkì. Ogun náà ò yẹ̀. Nígbà tó di April 24, ó fa ara rẹ̀ lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ẹ má ṣàánú rẹ̀ jù o. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ nílùú. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 15 nítorí àwọn oníṣòwò 42 tí ìjọba pa ní 1992, tí wọ́n ní wọ́n fowó lé ọjà. Lọ́dún 2010, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un. Talabani, ààrẹ Ìráàkì nígbà náà, kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Kurd sì ni Talabani, ẹ̀yà tí Saddam fi gáàsì olóró pa!

Ẹlẹ́wọ̀n ṣì ni Aziz nígbà tó kú sí ilé ìwòsàn ní Nasiriyah, June 5, 2015. Jọ́dánì ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú Madaba.