View kì í mú query yá, index ni ẹ ń wá

Ẹ káàbọ̀ o. Wọ́n tún ti bi mí lábẹ́ fídíò tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe view, kí ló dé tí query mi ṣì ń wọ́ bí ìgbín?" Query ni ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ń wá nǹkan nínú dátà, view ni query tẹ́ ẹ sọ lórúkọ, index sì ni atọ́ka tó ń júwe ibi tí nǹkan wà, bíi ti ẹ̀yìn ìwé. Mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe é báyìí. PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ni mo ń lò. Mo gbà pé ẹ ti ní i.

Tábìlì wa ni tita, ìlà mílíọ̀nù kan ló wà nínú ẹ̀. generate_series, iṣẹ́ PostgreSQL tó ń bí nọ́ńbà lẹ́sẹẹsẹ, ni mo fi dá gbogbo ẹ̀, ẹ má wá yá owó lọ́wọ́ mi o.

CREATE VIEW gbese AS SELECT onibara, iye FROM tita WHERE NOT ti_san;

Ó tán. View gbese yìí, tó ń fi àwọn tí ò tíì san hàn, kò kó ìlà kankan pa mọ́. Orúkọ lásán ló fún query yẹn. Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá pè é, inú tábìlì ló ń padà lọ. Ó wúlò ṣá: ọmọ ọ́fíìsì tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó rí nọ́ńbà fóònù oníbàárà, ẹ fún un ní SELECT lórí view, ẹ má fún un lórí tábìlì.

Ó yá, idán mi rèé. EXPLAIN ANALYZE ló ń fi ọ̀nà tí query gbà ṣiṣẹ́ hàn wá:

EXPLAIN ANALYZE SELECT * FROM gbese WHERE onibara = 4075;

Ẹ rí "Seq Scan" yẹn? Gbogbo ilé àdúgbò ló ń kanlẹ̀kùn kó tó rí ẹni tó ń wá. Wàyí o:

CREATE INDEX ON tita (onibara);

Ẹ tún EXPLAIN yẹn pè. Hẹn-ẹ́n! Seq ti sá lọ. Tó bá kọ "Bitmap" fún yín, index náà ni. B-tree, ìyẹn irú index tá a ṣe yìí, ló to nọ́ńbà oníbàárà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì tọ́ka ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà. A ò fọwọ́ kan view rárá.

Ẹnì kan ní ṣé òun ò lè fi index sórí view fúnra ẹ̀. View lásán? PostgreSQL ò ní gbà. Àfi materialized view, tó dé pẹ̀lú 9.3 lọ́dún 2013. Ìyẹn ń tọ́jú èsì pa mọ́ ní tòótọ́, àmọ́ èsì àná lẹ ó máa rí títí ẹ ó fi pe REFRESH MATERIALIZED VIEW.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi index sórí gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù! INSERT kan, ìyẹn ìlà tuntun kan tẹ́ ẹ fi kún un, gbogbo index ló gbọ́dọ̀ lọ kọ ọ́ sí. Mo ti bá tábìlì kan pàdé, index 14, ìlà ẹ̀ ò tó 500. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Áà, mo fẹ́ẹ́ gbàgbé: tẹ́ ẹ bá kọ WHERE lower(oruko) = 'ade' (lower ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré), index orí oruko lásán ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣe é báyìí: CREATE INDEX ON tita (lower(oruko)), kẹ́ ẹ tún EXPLAIN pè.