Kémóṣì Tí Rúùtù Fi Sílẹ̀

Kíkà: Rúùtù 1:15-18; 1 Àwọn Ọba 11:1-8

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ kú àjíǹde.

Òfin Mósè le lórí àwọn ará Móábù, àwọn tó ń bọ òrìṣà Kémóṣì. Diutarónómì 23:3-4 ní wọn kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa, àní títí dé ìran kẹwàá, torí pé wọn kò fi oúnjẹ àti omi pàdé Ísírẹ́lì lọ́nà, wọ́n sì háyà Báláámù pé kó wá gégùn-ún. Síbẹ̀, ọmọ Móábù ni Rúùtù tó bí Óbédì. Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì ọba.

Ojú ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Náómì, ìyá ọkọ Rúùtù, sọ fún un pé Órípà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì, ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀, kí òun náà máa lọ. Rúùtù ní rárá: "Ọlọ́run rẹ ni yóò jẹ́ Ọlọ́run mi." Opó ni o. Náómì sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní ọmọkùnrin mìíràn tí yóò fẹ́ ẹ. Kò sí ọkọ níwájú tó ń wò. Àwa mọ àwọn tó torí ìgbéyàwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí a kò gbúròó wọn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìyàwó.

Bóásì ló wá fẹ́ ẹ, ọmọ Ráhábù ará Jẹ́ríkò, tí òun náà jẹ́ àjèjì ní Ísírẹ́lì. Ta ni ì bá tún mọyì àlejò jù ú lọ?

Ẹ wá wo Sólómọ́nì, ọmọ Dáfídì. Òun náà fẹ́ ará Móábù, bí Bóásì ti fẹ́ Rúùtù. Àmọ́ nínú 700 ìyàwó àti 300 àlè, àwọn tó fẹ́ kò fi òrìṣà wọn sílẹ̀, ọba náà sì kọ́ ibi gíga fún Kémóṣì, òrìṣà Móábù, lórí òkè tó kọjú sí Jerúsálẹ́mù. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn obìnrin yẹn; ọba ló pàṣẹ, owó ọba ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí Nehemáyà ń bá àwọn tó fẹ́ ará Áṣídódù, Ámónì àti Móábù jà, tó ń fa irun wọn tu, Sólómọ́nì yìí kan náà ló fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀yin òbí tó ń wádìí ìdílé, ẹ ti béèrè ìlú, ẹ ti béèrè àrùn, ẹ tilẹ̀ ti béèrè gbèsè. Ṣé ẹ béèrè Ọlọ́run tí ọmọ náà ń sìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó?

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, ẹni tí ìran rẹ̀ ń tì í lójú láàárọ̀ yìí, fi apá ìyẹ́ rẹ bò ó. Àmín.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti kọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ, má jẹ́ kí ọlá tàbí ìfẹ́ obìnrin àti ọkùnrin mú wa lọ gbé e wálé. Àmín.

Àwọn ọmọ wa tó ń wá ẹni fẹ́, Baba, là wọ́n lójú. Kí wọ́n má fi ẹ̀yà kọ ẹni tí o yàn, kí wọ́n má sì fi ẹwà gba ẹni tí yóò yí ọkàn wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Àmín.

Àwọn ìyá ọkọ láàárín wa, fún wọn ní ìwà Náómì, kí ìyàwó ọmọ wọn lè fẹ́ tẹ̀lé wọn délé. Lórúkọ Jésù. Àmín.