Ẹja Pọ́ǹdù, Ẹja Ọ̀sà: Ẹ Béèrè Ìyá Ẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Dà Á Sómi

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní Yábàá nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́ síbí torí ọ̀pọ̀ ni ò ráyè wá. Ibi tí mo ti sáré, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Mákòókó, ẹ̀yin stúdẹ́ńtì tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo yòókù ẹ má gbàgbé èyí: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da ọmọ ẹja sínú ọ̀sà, ẹ bi í pé ta ni ìyá ẹ̀, ta ni bàbá ẹ̀, omi wo ni wọ́n ti mú wọn?

Gbogbo yín lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àrọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á gún abo ní abẹ́rẹ́ họ́mónù lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tẹ ikùn ẹ̀ kí ẹyin tú jáde, wọ́n á pa akọ kí wọ́n lè rí àtọ̀ ẹ̀ gbà, wọ́n á pò ó mọ́ra. Abo kan tó tóbi dáadáa lè fún yín ní ẹyin 50,000. Owó ńlá ni, mi ò sì bínú sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, hatchery, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja di ọmọ, tó ń ta fingerlings, àwọn ọmọ ẹja kéékèèké, káàkiri Ìkòròdú, ó lè jẹ́ abo mẹ́ta akọ méjì péré ló bí gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni gbogbo ike yẹn. Tí wọ́n bá wá kó irú wọn dà sínú odò tí ẹja ẹ̀ ti ń dín kù, ìdílé kan ṣoṣo ló máa gba omi náà. Nils Ryman àti Linda Laikre, àwọn ará Sweden, ti fi ìṣirò hàn lọ́dún 1991 pé ẹja lè máa pọ̀ sí i níye kí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú wọn sì máa dín kù. Lójú apẹja, ẹja ti pọ̀. Kí àrùn kan wá wọlé, ohun tó pa ẹ̀gbọ́n náà ló máa pa àbúrò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé hatchery fúnra ẹ̀ ń ṣa ẹja, bí ẹni tó ni ín ò tiẹ̀ mọ̀. Nínú ike, kò sí ẹyẹ, kò sí omi tó ń fà tó ń kún, oúnjẹ ń já bọ́ láti òkè. Ẹja tó bá rí òjìji èèyàn tó sáré wá sókè, òun ló máa yó, òun ló máa tóbi, òun náà ni wọ́n máa yàn láti bímọ. Nínú ọ̀sà ńkọ́? Ẹja tó bá rí òjìji tó sáré wá sókè, ẹyẹ ti gbé e lọ. Ẹ ṣáà mọ adìẹ àgríìkì, ẹ tú u sílẹ̀ sí àdúgbò kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa dàgbà bí adìẹ ìbílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó dìgbà tí ìran tó pọ̀ bá kọjá kí ẹja tó yí padà. Rárá o! Odò kan wà ní Oregon ní Amẹ́ríkà, Hood River, ẹja tí wọ́n ń pè ní steelhead ló ń gòkè níbẹ̀ láti òkun. Láti 1991 títí tí wọ́n fi wó ìsédò kan tó wà níbẹ̀ lọ́dún 2010, wọ́n máa ń dá gbogbo ẹja tó bá gòkè dúró níbi ìsédò náà, wọ́n á yọ ìpẹ́ ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa lọ, wọ́n á wá fi DNA inú ìpẹ́ yẹn mọ ẹni tó bí ẹni. Nígbà tí Araki, Cooper àti Blouin tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2007, ohun tí wọ́n rí ni pé ìran kọ̀ọ̀kan tí ẹja bá fi gbé ọwọ́ èèyàn, agbára ẹ̀ láti bímọ tó máa yè nínú odò ń dín ní nǹkan bí 40%. Ìran kan o, kì í ṣe ogún ìran! Lọ́dún 2016 wọ́n tún padà síbẹ̀, wọ́n fi ọmọ ẹja hatchery wé ọmọ ẹja odò, inú omi kan náà ni wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèjì, síbẹ̀ jíìnì 723, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ nínú wọn, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ti ìjà àrùn àti bí egbò ṣe ń jinná. Nígbà tí ẹja bá fún pọ̀ nínú ike, tí wọ́n ń bu ara wọn jẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àrọ̀ mọ irú egbò tí mò ń sọ.

Ní Norway náà, wọ́n da ẹja salmon ọ̀sìn sínú odò Imsa pẹ̀lú ti ìbílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn dé òpin, ọmọ tí ti ọ̀sìn rí bí yè kò ju 16% ti ìbílẹ̀ lọ. Àwọn kan wá ń sọ pé ṣé ẹ rí i, wọ́n á kú dànù, kò sí wàhálà. Wàhálà wà! Kí wọ́n tó kú wọ́n ti bá ti ìbílẹ̀ gùn, ẹ̀jẹ̀ wọn ti wọlé. Ọ̀pọ̀ odò ní Norway ni ẹ̀jẹ̀ ẹja ọ̀sìn ti wà nínú salmon wọn báyìí. Àrọ̀ tiwa yìí pàápàá ti ṣe é fáwọn ẹlòmíì: ní Thailand, wọ́n fi akọ àrọ̀ Áfíríkà gun abo àrọ̀ tiwọn torí kó lè yára tóbi, àwọn ọmọ wọn sá wọ odò, ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ Áfíríkà sì ti wà nínú ẹja ìbílẹ̀ wọn.

Torí náà nígbà tí mo bá rí àwọn olóṣèlú tó wọ T-shirt kan náà, tí wọ́n ń da báágì ọmọ ẹja sínú omi níwájú kámẹ́rà, inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an ni. Wọn ò béèrè ìyá ẹ̀. Wọ́n kàn rà á ni.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí màmá kan tó ní hatchery fi nawọ́, wọn ò tiẹ̀ dúró kí n pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja wo gan-an lẹ ń ṣọ́ nínú ọ̀sà? Àwọn oníyanrìn ti gbẹ́ gbogbo ẹ̀ tán! Ọkọ mi pẹja títí, kò rí nǹkan kan gbé wálé mọ́, àrọ̀ inú pọ́ǹdù yìí ló rán àwọn ọmọ mi níwèé. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni?" Gbogbo hall pàtẹ́wọ́.

Màmá, ẹ má fi sílẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ń ru ẹrẹ̀ sókè, ó ń bo ibi tí ẹja ń yé sí, ó ń hú koríko tí àwọn ọmọ wọn ń sá sí. Ẹ fi ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n dà sómi ní Òkobàbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kún un, àti ìdọ̀tí gbogbo Èkó. Ohun tó sì ń mú mi bínú sí fingerlings olóṣèlú gan-an nìyẹn, torí wọ́n ń fi í bo ọ̀rọ̀ yanrìn mọ́lẹ̀ ni. Kò sí iye ọmọ ẹja tẹ́ ẹ lè dà síbi tí kò ti sí ilé tó máa yè, ẹ kàn ń bọ́ ẹyẹ ni. Pọ́ǹdù yín ò ṣe ọ̀sà níbi kankan tí ẹja inú ẹ̀ bá dúró sínú pọ́ǹdù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tó kéré ojú dí ẹnu páìpù, ẹ gbé ògiri pọ́ǹdù ga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìshẹri àti Àjẹgùnlẹ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ṣí ìsédò Ọyán, omi Odò Ògùn máa dé, ẹja yín á bá a lọ, ẹ̀yin pàdánù owó, odò gba ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣe tiẹ̀.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí nígbà yẹn, mo sáré. Oúnjẹ ẹja: àrọ̀ ò lè tóbi láìsí prótéènì, ẹja òkun tí wọ́n lọ̀ sì wà nínú púpọ̀ nínú feed, ní Senegal, Mauritania àti Gambia, ṣáwá tó yẹ kí èèyàn jẹ ń wọ ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹja. Ìyẹn náà ń jẹ ẹja inú omi tán, ó tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀.

Stúdẹ́ńtì kan béèrè pé ṣé hatchery ò wá gba ẹja kankan là rí ni. Ó ti gbà á là. Lọ́dún 1992 sockeye (irú salmon kan) kan ṣoṣo, akọ, ló padà dé Redfish Lake ní Idaho, Lonesome Larry ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀, àtọ̀ ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá ẹja yẹn padà. Ṣùgbọ́n òbí láti inú omi yẹn gan-an ni, wọ́n sì fi DNA pinnu ta ni máa bá ta ni gùn. Stúdẹ́ńtì náà ní wesafu, irú epìyà kan, ti ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, èyí tó máa ń wọ̀n ju kílò kan lọ, ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ fún un? Mo ní a lè ṣe é: kí òbí wá láti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n pọ̀, kí á máa mú òbí tuntun lọ́dọọdún, kí ọmọ má pẹ́ nínú ike, kí epìyà àjèjì kankan má sì sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ la máa kọ́kọ́ lọ bá, torí àwọn ló mọ ibi tó ń yé sí.