Nínú Póùn Kan Tí A Fi Tọrẹ, Èló Ló Débẹ̀?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ kú àìsùn. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jóná nítorí tèmi. Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ owó ni mo sì gbé wá. Kì í ṣe owó ńlá o. Póùn kan, póùn méjì, 20p, irú owó táṣẹ́rẹ́ téèyàn ń fi ta aláìní lọ́rẹ lórí fóònù, tí kì í sì í wẹ̀yìn wò bóyá ó dé ibi tó ń lọ.

Bí mo bá ti dárúkọ ìtọrẹ àánú láàárín àwa tá a wà ní London yìí, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, èmi gan-an ni charity. Oṣooṣù ni mò ń fowó ránṣẹ́ sílé." Wọn ò purọ́. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, owó iléèwé ọmọ àbúrò, owó ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni, orí fóònù kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n á wá pa á lówe fún mi pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òde wà nínú òwe yẹn, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í pa á débẹ̀. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí màmá mi, gbèsè ni mò ń san, ó tọ́ mi dàgbà. N kò lè pe ìyẹn ní sàárà. Sàárà ni èyí tí mo fún ẹni tí kò mọ orúkọ mi, tí kò sì ní pè mí lórí WhatsApp láti ṣàdúrà fún mi.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ káàdì. Ẹ ra búrẹ́dì àti mílíìkì tán, ẹ gbé káàdì sún mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bá béèrè pé ṣé kí òun fi pẹ́ńsì díẹ̀ kún un fún àwọn aláìní. Ẹni tó tò sẹ́yìn yín ti ń mí kanlẹ̀. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sì kọjá. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pennies ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2010, ó sì wà fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ńlá ni òun ń ṣe.

Èyí tí ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà ni ti "ẹ ra ọjà, a ó bá yín ṣàánú." Amazon ṣe é rí. Lọ́dún 2013 ni wọ́n gbé AmazonSmile jáde ní Amẹ́ríkà: ìdajì póùn nínú ọgọ́rùn-ún póùn ọjà ló ń lọ sọ́dọ̀ àjọ aláàánú tí ẹ bá yàn. Ọjà £100, ọrẹ 50p. Ní oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n pa á dé. Irú rẹ̀ ṣì wà, easyfundraising ń bẹ níbí, àwọn ilé ìtajà ló ń san owó náà látinú èrè wọn. Bí ẹ bá ti fẹ́ ra nǹkan náà tẹ́lẹ̀, ẹ kúkú gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹgbẹ́ òbí iléèwé àwọn ọmọ yín rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra bàtà kó lè ṣàánú, bàtà ló rà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ń dùn mí. Àpótí kékeré kan wà lójú fóònù tí wọ́n máa ń gbé síwájú yín bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì tọrẹ fún àjọ aláàánú níbí. Gift Aid ló ń jẹ́, láti ọdún 1990 ló ti wà. Bí ẹ bá ń san owó orí ní ìlú yìí, tí ẹ sì tẹ àpótí yẹn, ìjọba á fi 25p lé póùn kọ̀ọ̀kan. £10 yín á di £12.50. Kò sí kọ́bọ̀ tó tún jáde lápò yín. Owó orí tí wọ́n ti yọ lára owó iṣẹ́ yín ni wọ́n ń dá padà, àjọ náà ni wọ́n kàn ń kó o fún. Síbẹ̀, mo ti jókòó ti àwọn èèyàn wa, mo sì wo bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò sáré kọjá lórí àpótí yẹn. Mo bi àbúrò mi obìnrin kan pé kí ló dé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ń béèrè àdírẹ́sì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àdírẹ́sì mi ṣe?"

Ẹ̀rù Home Office, àwọn tó ń fún àlejò ní ìwé ìgbélùú, ló ń bà á o. Bẹ́ẹ̀ ó ti gba páálí, ó ti gba páásípọ́ọ̀tù pàápàá! Àwọn ọdún tó fi ń retí ìwé ló fi ẹ̀rù yẹn sí i lára, ta ni yóò bá a wí? Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn agbowó orí ló fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó tọrẹ wà lóòótọ́, ó sì ń san owó orí. Orúkọ, nọ́ńbà ilé àti póósítì kóòdù ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún bi mí bóyá wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí òun láti tọrọ owó sí i. Ìyẹn, mo ní kó lọ wá àpótí mìíràn nísàlẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ lẹ́tà.

Gift Aid kì í ṣe ti gbogbo èèyàn ṣá. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn, tàbí tí owó orí tó san kò tó iye tí àwọn àjọ máa gbà lórúkọ rẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́, torí ìjọba lè ní kó san ìyókù. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sí ìyẹn. Owó tí ẹ fi sí GoFundMe fún ẹnì kan tó ń ṣàìsàn kò sí lábẹ́ rẹ̀, àjọ aláàánú tí ìjọba mọ̀ nìkan ló wà fún. Tíkẹ́ẹ̀tì ráfù náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni owó tí ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Káàdì kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbowó báyìí, wọ́n á yọ ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún yọ iye kan pàtó lé e, bíi 20p tàbí 25p, ìbáà jẹ́ póùn kan lẹ fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ fi £10 sílẹ̀, 25p lọ, kò dun ẹnikẹ́ni. Ẹ fi £1 sílẹ̀, 25p lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ nìyẹn, gbogbo ohun tí Gift Aid fi kún un, káàdì ti gbé e. Ẹni tó ń fi póùn kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tó tún fi póùn kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyà ń jẹ ọrẹ rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá ki imú bọ̀ ọ́ ni wọ́n ń gba owó ẹnu ọ̀nà, kí ẹlẹ́dẹ̀ kúkú kó ara jọ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

JustGiving, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba ọrẹ, fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ń yọ tẹ́lẹ̀ lórí ọrẹ sílẹ̀ lọ́dún 2019, owó káàdì nìkan ló kù síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tọrẹ ló wá ń bẹ̀ pé kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Iye kan á ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ lè dín in kù, ẹ lè sọ ọ́ di òdo. Èmi máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kó ṣáà jẹ́ pé èmi ni mo sọ iye tó jẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè, ibì kan ni kí ẹ mú. Ibì kan péré, kí ẹ ní kí báńkì máa san £5 fún wọn lóṣooṣù, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Àjọ tó mọ̀ pé £5 ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lè gba òṣìṣẹ́, ó lè san owó ilé. Omijé wa lórí Instagram kì í san owó ilé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó, tí owó oṣù yín ń gba ọ́fíìsì kọjá, ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ń ṣe Payroll Giving. Láti ọdún 1987 ló ti wà. Wọ́n á yọ ọrẹ náà kí wọ́n tó yọ owó orí, tó fi jẹ́ pé £10 tó lọ, £8 péré ló dín nínú owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń san owó orí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ará Houston àti Maryland, ẹ bi ọ́fíìsì tiyín bóyá wọ́n máa ń fi iye kan náà lé ọrẹ òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe é, òṣìṣẹ́ ò sì bi wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fojú tín-ín-rín owó kékeré o. Nígbà tí ilẹ̀ ríri ba Haiti jẹ́ lọ́dún 2010, Red Cross Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn tẹ HAITI ránṣẹ́ sí 90999, $10 á sì wọnú owó fóònù wọn. Ohun tó wọlé lé ní $30 mílíọ̀nù. Tiwa náà wà ńbẹ̀. Nígbà EndSARS lọ́dún 2020, Feminist Coalition gba ọrẹ látọwọ́ àwọn tó wà nílé àtàwọn tó wà lókè òkun. Nígbà tí ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn, wọ́n gba ti Bitcoin. Ó lé ní ₦147 mílíọ̀nù kí wọ́n tó ní ó tó. Owó náà kọ́ ló wú mi lórí jù. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìnáwó wọn síta ni: agbẹjọ́rò, owó ilé ìwòsàn, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lójú táyé.

Nítorí ẹ mọ ohun tí WhatsApp fi ojú wa rí. Fọ́tò ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà nímú, nọ́ńbà àkáǹtì lábẹ́ rẹ̀, "ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, Ọlọ́run ń wò yín." Mo ti rí ọmọ kan náà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, tó ń jẹ́ Àyọ̀mídé ní oṣù kan, tó sì ń jẹ́ Chidera ní oṣù mìíràn. Èmi kì í fowó sí àkáǹtì aládàáni mọ́ àyàfi tí mo bá mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Màá béèrè orúkọ ilé ìwòsàn, màá ní kí èèyàn mi nílé pè wọ́n, màá sì béèrè àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ kì í bínú. Ẹni tó bá bú mi, ó ti dá mi lóhùn nìyẹn. Ní ti àjọ, bó bá jẹ́ ti England tàbí Wales, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Charity Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ CAC. CAC ti ìjọba ni mo ń wí o, kì í ṣe Ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì.

Àwọn kan ń gbọ́ mi báyìí tí póùn márùn-ún gan-an nira fún. Oṣù ò tíì parí, iná ti lọ sókè, mo mọ̀. Nǹkan wà tí kò gba owó. Fóònù mi dún lọ́jọ́ kan tí mò ń ká aṣọ. Áàpù kan tó ń jẹ́ Be My Eyes ni. Ará Denmark kan, Hans Jørgen Wiberg, tí ojú òun náà kò ríran dáadáa, ló dá a sílẹ̀. Ọdún 2015 ló jáde. Afọ́jú á pè, ẹ̀yin á fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ bá a wo ohun tó fẹ́ rí. Obìnrin kan ni mo bá níbẹ̀, ó gbé páálí mílíìkì dání. Mo rí àjà, mo rí iná, n kò rí mílíìkì. Mo ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i sí ọwọ́ ọ̀tún yín." Ó yí i. Déètì hàn, ó ti kọjá. Ó ní, "Mo ti fura láti àárọ̀," ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Mo padà sídìí aṣọ mi. Àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń pè lọ, nítorí náà ó lè pẹ́ kó tó dún fún yín.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà lè lọ sọ́dọ̀ Missing Maps, kó máa fi ìlà yí ilé àti ọ̀nà ká lórí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà. Red Cross wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014. Lọ́dún yẹn náà, nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, irú àwọn olùyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ló ya máàpù ìlú Guéckédou látinú yàrá wọn kí àwọn dókítà lè mọ ọ̀nà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ sì dùn, ẹ lọ ka gbólóhùn Yorùbá sínú Common Voice ti Mozilla, níbi tí wọ́n ti ń kó ohùn èèyàn jọ láti fi kọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ yé ka àmì ohùn wa ní ìkàkukà.

Kí n tó dákẹ́, iṣẹ́ kan wà fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá akápò ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí ti mọ́sáláṣí yín sọ̀rọ̀. Owó ọrẹ tí kò bá ju £30 lọ, tí ẹnì kan jù sínú igbá tàbí tó fi káàdì kàn lójú ẹ̀rọ, wọ́n lè gba 25p lé póùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ láìsí fọ́ọ̀mù, títí dé £8,000 lọ́dún, bí wọ́n bá ti ń gba Gift Aid lórí àwọn ọrẹ mìíràn. £2,000 ló lè ti ibẹ̀ jáde. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbà á. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbọ́ ọ rí, ẹ kọ̀wé sí mi, a ó jọ wá ọ̀nà sí i. Ó dìgbà kan ná.