Ọ̀pá Ẹ̀yìn Ló Ni Eré: Bí A Ṣe Ń Fi Káàtì Díje Nínú Gbọ̀ngàn

Ẹ wo ìdí káàtì yìí, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń díje. Wọ́n ti gbé e sórí sítáńdì kí táyà ẹ̀yìn lè yí. Bí a bá fọwọ́ yí táyà òsì, tọ̀tún ń bá a yí lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí a bá di tọ̀tún mú, tòsì kò lè lọ síbì kankan. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Mọ́tò tí à ń wà lójú títì ní jíà kan láàárín ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń jẹ́ kí táyà kan sáré ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Káàtì kò ní in. Kò ní sípíríǹgì, kò sì ní ṣọ́ọ̀kù. Ní 1956 ni Art Ingels jó irin pọ̀ ní California, tó gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko lé e lórí, bí káàtì àkọ́kọ́ ṣe dé nìyẹn. Lónìí, ọ̀pá kan ló ń yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ díje sábà máa ń rò pé ẹni tó láyà jù ló ń borí. Àmọ́ káàtì tí wọ́n ń háyà nínú gbọ̀ngàn, agbára wọn kò pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Eré tí ẹ bá pàdánù ní kọ́nà kan, ó lè má padà títí ẹ ó fi dé kọ́nà kejì. Ibi tí eré yẹn ti ń ṣòfò jù lọ sì ni orí ọ̀pá ẹ̀yìn yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní kọ́nà kan yí padà bìrí bíi lẹ́tà U, ká sì ní àlàfo táyà ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ mítà 1.1. Kí ọkọ̀ tó yí tán, táyà tó wà lóde gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 3.45 rìn ju èyí tó wà nínú lọ. Kọ́nà náà ì báà fẹ̀, ì báà há, mítà 3.45 náà ni. Ọ̀pá kan sì so wọ́n pọ̀, wọn kò lè yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa ha ilẹ̀ lọ, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ariwo tíín tí ẹ ń gbọ́ ní kọ́nà, táyà tó ń ha ilẹ̀ ni. Bó bá ti ń ha ilẹ̀, ó ń jẹ eré yín.

Àwọn tó ń ṣe káàtì fẹ́ kí táyà inú gbé ẹsẹ̀ sókè. Irin tí táyà iwájú ń yí lé lórí kò dúró ṣánṣán. Orí rẹ̀ fì sẹ́yìn. Ẹ yí sítíárìn sí òsì, ẹ ó rí i pé táyà iwájú òsì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, tọ̀tún sì gòkè díẹ̀. Firéèmù á lọ́, ìwúwo á bọ́ sórí táyà iwájú òsì àti táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, táyà ẹ̀yìn òsì á wá fúyẹ́. Káàtì àwọn tó fi eré yìí ṣe iṣẹ́ máa ń gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ti háyà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: bọ́ńpà ràbàtà yí i ká, ti oníná sì tún ru bátìrì. Fífúyẹ́ díẹ̀ ni ẹ máa rí gbà, ó sì nílò kí ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan, kó dán mọ́ránmọ́rán, kó dúró síbẹ̀, kí ẹ sì máa dá a padà bí kọ́nà ṣe ń ṣí. Ẹni tó ń yí i, tó ń dá a padà, tó tún ń yí i, ṣe ló ń gbé táyà yẹn sókè tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní kọ́nà kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó jókòó sínú rẹ̀ rárá, ẹ wo aṣọ yín. Sìkáàfù, gèlè, okùn fìlà, irun gígùn tí kò sí nínú àṣíborí: gbogbo rẹ̀ lè há sínú ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn yín, ó sì ti pa èèyàn rí. Ẹ di irun, kí ẹ kó o sínú àṣíborí. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ló dáa, torí ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín wà lórí tọ́tù, ìyẹn ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Àṣíborí gbọ́dọ̀ fún orí. Bí ẹ bá mi orí tí òun kò bá yín mì, ó tóbi jù nìyẹn.

Jíjókòó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré, ẹ̀yìn ìyípo mẹ́wàá sì ni ìyà rẹ̀ máa ń dé. Ìdí yín gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn àga pátápátá. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀, orúnkún ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì fún bíréèkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún fún tọ́tù, kò sí ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀. Ọwọ́ ń di sítíárìn mú ní ibi tí 9 àti 3 wà lójú aago, kí ìgbọ̀nwọ́ náà tẹ̀. Bí àga bá fẹ̀ jù yín lọ, ẹ béèrè tìmùtìmù tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Ara tó ń mì nínú àga máa ń fi egungun ìhà gbá etí àga ní gbogbo kọ́nà. Nígbà míì egungun náà máa ń sán. Ẹni tó bá ń díje lóòrẹ̀kóòrẹ̀ kó ra ẹ̀wù tó ń bo ìhà. Ara tó ń mì tún máa ń mú kí èèyàn fi sítíárìn gbára dúró, ọwọ́ á sì le bí igi kí ìdíje tó dé ìdajì. Ẹ di sítíárìn mú bí ẹni mú ẹyin.

Ìwọ̀n ara náà ní tirẹ̀. Nínú káàtì kan náà, ẹni tó wọn kílò 90 ń gbé kílò 30 ju ẹni tó wọn 60 lọ, ẹ́ńjìnnì kò sì fi kún agbára. Ibi tí ìdíje ti létò, wọ́n máa ń wọn gbogbo awakọ̀ pẹ̀lú àṣíborí lórí, wọ́n á sì fi òjé kún ti ẹni tó fúyẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti ń ṣe é, kí ẹni tó wúwo fi àkókò rẹ̀ wé ti ara rẹ̀ nìkan.

Ẹ mọ irú ọkọ̀ tó wà lábẹ́ yín. Onípẹtiróòlù, bí èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì Honda GX200, kò ní jíà tí ẹ máa yí. Kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dì mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti sáré dé ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá jẹ́ kí eré lọ sílẹ̀ jù ní kọ́nà, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò sì ní tètè gbéra. Oníná yàtọ̀: agbára rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá tẹ tọ́tù gbàgà nígbà tí sítíárìn ṣì yí, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè já, ìyẹn ni pé kó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ oníná, bí ẹ bá tẹ bíréèkì àti tọ́tù pa pọ̀, ọkọ̀ á gé iná. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ sinmi lórí bíréèkì láìmọ̀ á máa rò pé wọ́n fún òun ní ọkọ̀ tó ti kú.

Ilẹ̀ wá ńkọ́? Kọnkéré tí wọ́n fá kó dán ló wà nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, ó sì máa ń yọ̀. Táyà háyà le, torí wọ́n fẹ́ kó pẹ́. Ẹ wo ọ̀nà dúdú tó lọ láti kọ́nà dé kọ́nà: rọ́bà táyà ló lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń di táyà mú. Bí ẹ bá yà kúrò lórí rẹ̀ ní mítà kan péré, eruku àti wóró rọ́bà ni ẹ máa bá. Wóró náà á lẹ̀ mọ́ táyà yín, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ ní kọ́nà kan tàbí méjì sí i. Ìyípo méjì àkọ́kọ́ sì rèé, táyà tútù. Ẹ má fi wọ́n wá àkókò. Ẹ fi wọ́n wo ibi tí ilẹ̀ ti dì mú.

Ó kan kọ́nà fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó láti òkè. Ẹni tó rọ̀ mọ́ etí inú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló rin ọ̀nà tó kúrú jù, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ há. Ẹni tó wọlé láti etí òde, tó kan etí inú, tó sì jẹ́ kí ọkọ̀ padà lọ sí etí òde, ti sọ kọ́nà yẹn di èyí tó fẹ̀. Bí òbìrí tí ọkọ̀ ń tọ̀ bá jẹ́ mítà 5 láti àárín dé etí, tí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ dé mítà 7, táyà kan náà lórí ilẹ̀ kan náà lè gbé eré tó fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ ti máa kan etí inú ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe sáré wọlé lọ. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kó kọjá àárín kọ́nà. Ẹni tó bá tètè kan etí inú á rí i pé ọkọ̀ ń gbé òun lọ bá ògiri ike níbi tí kọ́nà ti parí, á sì ní láti jù tọ́tù sílẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ohun tí èyí ń náni. Ọkọ̀ méjì ń bọ̀ sí ọ̀nà tààrà tó gùn ní mítà 50, wọ́n ń gbéra bákan náà, eré wọn ń fi mítà 1.5 lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jáde ní kọ́nà pẹ̀lú eré kìlómítà 36 ní wákàtí, èkejì pẹ̀lú 32. Kí wọ́n tó dé òpin ọ̀nà yẹn, èkejì ti pàdánù ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Kọ́nà kan péré nìyẹn, nínú ìyípo kan. Bí kọ́nà méjì bá tẹ̀ léra, ẹ fi àkọ́kọ́ rúbọ fún èyí tí ọ̀nà tààrà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bíréèkì káàtì háyà, ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn ló ń dì mú. Iwájú kò ní. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìwúwo ń lọ síwájú, ẹ̀yìn sì ń fúyẹ́, ẹ̀yìn tó fúyẹ́ yìí gan-an sì ni bíréèkì ń dá dúró. Bí sítíárìn bá ti yí lásìkò yẹn, táyà ẹ̀yìn á dì, ọkọ̀ á sì pòòyì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ tààrà: ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó má pẹ́, kí ẹ jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó yà. Bí ẹ̀yìn bá ti já, ẹ jù bíréèkì sílẹ̀, ẹ yí sítíárìn sí ìhà tí ẹ̀yìn ń lọ, kí ẹ sì tètè dá a padà. Bó bá ti kọjá àtúnṣe, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá kí ọkọ̀ dúró síbì kan, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹra fún ohun tó dúró ju ohun tó ń yí kiri lọ.

Àrùn kejì ni pé ẹ yí sítíárìn, iwájú kò yà, ọkọ̀ ń tì lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ á tún yí i sí i. Ṣe nìyẹn ń jẹ́ kí táyà iwájú máa ha ilẹ̀ bíi ọkọ́. Ẹ dá sítíárìn padà díẹ̀, kí táyà tún ilẹ̀ dì mú, nígbà náà kí ẹ tún yà. Ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, ẹ tètè tẹ bíréèkì ní mítà kan tàbí méjì ṣáájú.

Ara yín kò gbọ́dọ̀ fì sí inú kọ́nà bíi ti ọlọ́kadà. Ìwúwo tó lọ sínú ń tẹ táyà tó yẹ kó fúyẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó ṣánṣán, orí nìkan ni kó yí, kí ojú ti máa wo ibi tí kọ́nà ti parí kí ọkọ̀ tó dé àárín rẹ̀.

Nínú ìpele tí wọ́n ń fi ìyípo tó yá jù to àwọn awakọ̀, kò sí èrè nínú jíjà pẹ̀lú ẹni tó wà níwájú. Ẹ dẹwọ́ ní ìyípo kan kí àyè ṣí sílẹ̀, kí ẹ wá sáré lórí pápá tó ṣófo. Nínú ìdíje gan-an ni ẹ ti máa ré èèyàn kọjá, ọ̀nà tó mọ́ jù sì ni pé kí imú ọkọ̀ yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní inú kọ́nà kó tó yà. Bí ẹ bá pẹ́ dé ibẹ̀, ẹ máa gbá a ni, wọ́n á sì fìyà jẹ yín. Bí ẹni náà bá rọ̀ mọ́ inú kó lè dí ọ̀nà, ẹ má bá a du inú. Ẹ gba òde wọlé, ẹ pẹ́ kí ẹ tó yà, ẹ jẹ́ kó sáré kọjá, kí ẹ gba inú jáde. Òun wà lórí ọ̀nà tó há, ẹ̀yin ti ń tẹ tọ́tù.

Àsíá tàbí iná: yẹ́lò, ewu wà níwájú, ẹ má ré ẹnikẹ́ni kọjá. Búlúù, ẹ fún ẹni tó wà lẹ́yìn láyè. Dúdú, ẹ wọlé. Pupa, ìdíje dúró, ẹ dẹwọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí pápá, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ dúró de òṣìṣẹ́.

Tí ìdíje bá parí, ẹ gba ìwé àkókò yín, kí ẹ má sì wo ìyípo tó yá jù nìkan. Ká ní ó kà báyìí: 28.4, 28.6, 30.9, 28.5, 31.2. Àwọn méjì tó burú ti kó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá dín ìyípo tó dáa kù ní ogún ìyípo, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré lẹ máa rí. Nítorí náà, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìyípo kẹta àti ìkarùn-ún kọ́kọ́. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà káàtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò yẹn, torí bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tó, táyà ọ̀kan lè ti jẹ ju ti èkejì lọ, ẹ ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ yá sí i tàbí ọkọ̀ ni.